Kíki ọta ìbọn ọdẹ nílé: kí ni ará Abẹ́òkúta lè mú lò nínú rẹ̀?

Ọmọ Ìbàrà

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà ọdẹ àti ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ tó wà níbí. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà máa ń fi ìbọn ráífù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní .243 Winchester pa àgbọ̀nrín ilẹ̀ wọn, kì í sì í ra ọta lọ́jà. Inú yàrá tó ń gbé mọ́tò rẹ̀ sí ló ti ń fi ẹ̀rọ kan ki í fúnra rẹ̀. Ó fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó sì wú mi lórí. Ní tèmi, ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí bàbá wa fi sílẹ̀, tí mo sì ti gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní orúkọ ara mi, ni mo ń gbé tẹ̀lé àwọn ọdẹ lọ sí ìhà Òpèjì. Owó ọta ti wá ga ju ohun tí apá mi ká lọ. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé ó bójú mu kí n ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi irú ẹ̀rọ yẹn ránṣẹ́ sílé, kí n máa ṣa àwọn eèpo ọta tí a ti yìn jọ, kí n sì máa ki wọ́n padà? Bí kò bá bójú mu, kí ló wà nínú iṣẹ́ àwọn ará ọ̀hún tí èmi lè mú lò níbí?

Agbẹjọ́rò Òkè-Ìlewó

Ẹ má ṣe é, àbúrò. Òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1959, pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Èkíní ni èyí tí a kà léèwọ̀ fún ará ìlú, irú bí ìbọn àwọn ọmọ ogun àti ìbọn ìléwọ́. Èkejì ni èyí tí ènìyàn lè gba ìwé àṣẹ láti ní, ibẹ̀ sì ni ìbọn ẹlẹ́nu méjì yín bọ́ sí. Ẹ̀kẹta ni ìbọn ìbílẹ̀ tí a ń ki láti ẹnu, irú bí ṣakabùlà. Òfin yẹn kan náà ló sọ pé a kò gbọdọ̀ ṣe ìbọn tàbí ọta, a kò gbọdọ̀ tò ó pọ̀, a kò sì gbọdọ̀ tún un ṣe, àfi níbi tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún un. Ẹni tó bá fi kápù tuntun (ohun kékeré tó ń tanná ran ẹ̀tù), ẹ̀tù tuntun àti ìdì tuntun (ohun tó ń dí ẹ̀tù mọ́ lábẹ́ hóró) sínú eèpo tí a ti yìn, ọta ló ṣe yẹn, ì báà jẹ́ ẹyọ kan péré. Ìwé àṣẹ pé ẹ lè ní ìbọn kò fún yín láyè láti ṣe ohun tí ìbọn ń jẹ. Ní ti ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fi ránṣẹ́, bí àwọn aṣọ́bodè bá tú ẹrù náà tí wọ́n sì bá ẹ̀tù tàbí kápù nínú rẹ̀, ẹjọ́ tí ẹ óò máa rò kò ní jẹ́ ẹjọ́ ọdẹ mọ́. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè lọ bi àwọn tó ń mójú tó ìwé àṣẹ ìbọn ní oríkò ọlọ́pàá ní Eléweẹran kí ó tó ná kọ́bọ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Houston

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò pátápátá. Ìlú tí òfin ti gbà á ni ẹ̀gbọ́n yín wà. Ẹ̀yin kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé èmi náà ń ṣe iṣẹ́ yìí níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí fídíò kì í fi hàn, torí ẹ̀kọ́ tí ẹ lè mú lò wà nínú rẹ̀.

Nǹkan mẹ́rin ló para pọ̀ di ọta ráífù: eèpo idẹ, kápù tó wà ní ìdí rẹ̀, ẹ̀tù, àti orí ọta tí yóò fò lọ. Bí a bá yìn ín tán, eèpo idẹ nìkan ló ṣẹ́kù tí a lè tún lò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣà á. Eèpo náà kò sì jáde bí ó ṣe wọlé, nítorí agbára iná ti fẹ̀ ẹ́, ó sì ti fà á gùn. Wọn yóò nù ún, wọn yóò fi òróró fẹ́ẹ́rẹ́ pa á lára, wọn yóò tẹ̀ ẹ́ wọ inú dáì, ìyẹn irin oníhò tó bá ìwọ̀n eèpo mu, kí ó lè padà sí ìwọ̀n rẹ̀, abẹ́rẹ́ tó wà láàárín dáì yóò sì ti kápù àtijọ́ jáde láti ìdí. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò wọn gígùn rẹ̀. Eèpo .243 kò gbọdọ̀ gùn ju ínṣì 2.045 lọ, nígbà tí wọ́n bá sì ń gé e, 2.035 ni wọ́n ń gé e sí. Bí ọrùn rẹ̀ bá gùn jù, ìbọn yóò fún un pa mọ́ orí ọta, orí ọta kò ní tètè jáde, agbára tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì fò kọjá ibi tí irin lè gbà. Èyí tí ọrùn rẹ̀ bá ti là, ẹ sọ ọ́ nù. Èyí tí ẹ bá rí ìlà títàn kan tó yí i ká díẹ̀ sókè ìdí, ẹ sọ ọ́ nù pẹ̀lú, torí ibẹ̀ ló ti fẹ́ já sí méjì.

Gréènì ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù. Ẹgbẹ̀rún méje gréènì, 7,000, ló wà nínú pọ́n-ùn kan, nítorí náà gréènì kan kò tó ìdá mẹ́wàá gíráàmù kan. Iye tí wọ́n ń dà sí i kì í ti orí ẹnikẹ́ni wá. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀tù àti àwọn tó ń ṣe orí ọta ti fi ẹ̀rọ wọn agbára rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ ìwé jáde, ìwé náà ló sì ń sọ ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí a kò gbọdọ̀ kọjá fún ẹ̀tù kan pàtó, pẹ̀lú orí ọta kan pàtó. Ẹni tó bá pààrọ̀ ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ padà sí ìsàlẹ̀ kó tún bẹ̀rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni ẹni tó mọṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, á sì máa wo ìdí eèpo lẹ́yìn ìyìn kọ̀ọ̀kan. Bí kápù bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ tí ó kún ojú ihò rẹ̀, tàbí tí ọwọ́ tí a fi ń ṣí ìbọn bá ń le láti gbé sókè, ó ti pọ̀ jù nìyẹn, ohun yòówù kí ìwé wí. Igò ẹ̀tù kan ṣoṣo ló ń wà lórí tábìlì. A kì í mu sìgá níbẹ̀, a kì í gba ìpè fóònù níbẹ̀, torí ẹni tó bá dá ọwọ́ dúró láàárín iṣẹ́ lè padà wá da ẹ̀tù sínú eèpo kan lẹ́ẹ̀mejì, kí ó sì fo èyí tó tẹ̀ lé e. Èyí tí kò ní ẹ̀tù náà kò dára o: kápù nìkan lè ti orí ọta wọ inú ọ̀pá ìbọn kí ó há síbẹ̀, ẹni tó bá sì yìn òmíràn tẹ̀ lé e ti ba ìbọn jẹ́, bóyá ojú ara rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀yin tó ń rò pé owó ni gbogbo wọn torí ẹ̀ ń ṣe é, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbọn kọ̀ọ̀kan ló ní ọta tó bá a lára mu. Ìbọn méjì tí iléeṣẹ́ kan náà ṣe lè gba ọta kan náà, kí ọ̀kan máa kó ihò jọ sójú kan, kí èkejì máa fọ́n ọn káàkiri. Ẹni tó ń ki ọta tirẹ̀ ń wá èyí tí ìbọn tirẹ̀ fẹ́ràn, nígbà tó bá sì rí i, kò ní yí i padà mọ́.

Bàbá Ọdẹ

Ẹ ṣé é, ọmọ wa. Kí ló dé tí wọ́n fi ń fi ìbọn tí orí ọta rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ pa ẹran ńlá? Láyé tiwa, ọta kékeré, ẹyẹ àti ọ̀kẹ́rẹ́ la fi ń pa.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Houston

Bàbá, ọdún 1955 ni .243 jáde, eèpo ọta ráífù .308 ni wọ́n fún lọ́rùn kí ó lè gba orí ọta tó kéré. Orí ọta náà fẹ̀ tó mílímítà 6.17 péré (ìyẹn ínṣì .243, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá), ṣùgbọ́n eré rẹ̀ pọ̀, kì í sì í tani léjìká púpọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn obìnrin ọdẹ fi fẹ́ràn rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ìwúwo orí ọta. Èyí tó jẹ́ gréènì 55, fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti irú rẹ̀ ni. Bí ó bá kan egungun èjìká àgbọ̀nrín, á fọ́ túútúú sí abẹ́ awọ, ẹran á sì gbé ọgbẹ́ sá lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Gréènì 85 sí 100 ni wọ́n ń lò fún àgbọ̀nrín. Òfin pàápàá dá sí i. Ní Texas níbí, a kò gbọdọ̀ fi ọta kékeré tí kápù rẹ̀ wà ní etí ìdí, èyí tí a ń pè ní .22, pa àgbọ̀nrín. Ní Colorado, ráífù tó bá kéré sí .24 kò yẹ fún un, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fi .240 ṣe èyí tó kéré jù fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àgbọ̀nrín wọn.

Bàbá Ọdẹ

Ó yé mi. Ó ku ọ̀kan. Ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ tó ń tẹ̀ lé wa ni pé bí ẹ̀tù bá pọ̀ sí i, ẹran á ṣubú. Ẹ bá mi wí fún wọn, torí wọn kò gbọ́ tèmi.

Alágbẹ̀dẹ Àdátán

Ẹ jẹ́ kí n gba èyí, Bàbá. Ọkọ́ àti àdá ni mo ń rọ, n kì í ṣe ìbọn, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn máa ń gbé ṣakabùlà tó ti bẹ́ wá fún mi wò, kí n sọ ohun tó ṣe é. Ọ̀pọ̀ irú ìbọn bẹ́ẹ̀, páìpù omi ni wọ́n fi ṣe ọ̀pá rẹ̀, páìpù yẹn sì ní ojú ìjó kan, ìyẹn ibi tí wọ́n ti fi iná jó irin pọ̀, tó gba gígùn rẹ̀ kọjá. Ojú ìjó yẹn gan-an ló ń là. Èmi a gbé e sí oòrùn, ẹ óò rí i pé irin náà ya láti ìdí, ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, etí ibi tó ya yí síta, ó sì mú bí ó ṣe lè gé ènìyàn, ihò tí iná ń gbà wọlé sì ti fẹ̀ tó kí ọmọ ìka kékeré wọ̀ ọ́. Níbi tí ọwọ́ òsì ọdẹ ń dì mú ló ń ya jù.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́ ni pé ẹ̀tù inú ọta òyìnbó kì í ṣe ẹ̀tù ṣakabùlà. Àwọn kan máa ń tú ọta òyìnbó láti kó ẹ̀tù rẹ̀ sínú ìbọn ìbílẹ̀ nígbà tí ẹ̀tù dúdú bá wọ́n. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Ẹ̀tù dúdú ń rú èéfín, kì í sì í le ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ẹ̀tù tí kì í rú èéfín ń le sí i bí a bá ṣe ń há a mọ́ tó, ìwọ̀nba rẹ̀ díẹ̀ sì tó láti ya páìpù.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Houston

Alágbẹ̀dẹ ti sọ ọ́ tán. Mo kàn fẹ́ fi iye kún un kí àwọn ọ̀dọ́ lè rí i. Agbára tí wọ́n fàyè gbà nínú ráífù .243 ní Amẹ́ríkà tó 60,000 pọ́n-ùn lórí ínṣì kan níbùú lóòró. Ti ìbọn ẹlẹ́nu méjì 12 (nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí ọ̀pá rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó) tó ń gba ọta gígùn ínṣì méjì àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin jẹ́ 11,500. Irin ìbọn yín kò gba tó ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí ráífù ń gbà. Ẹni tó bá wo ẹ̀gbọ́n yín nínú fídíò tó sì fẹ́ fi ọwọ́ ráífù ki ọta ìbọn ẹlẹ́nu méjì, ewu ló ń wá.

Ìyá Ẹlẹ́ran Lafẹ́nwá

Èmi kì í ṣe ọdẹ o, ẹran ìgbẹ́ ni mò ń tà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i. Ẹran tí ẹ fi ọta kéékèèké yìn ní tòsí máa ń dé ọ̀dọ̀ mi bí ajere. Bí mo bá kùn ún tán, màá fi ọbẹ wá àwọn hóró òjé náà jáde ní ìkọ̀ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ á ti dì sí abẹ́ awọ yí wọn ká, ẹran ibẹ̀ á dúdú, àwọn oníbàárà á sì ní kí n gé e kúrò lára ohun tí wọ́n fẹ́ rà. Ẹni tó bá sì fi eyín pàdé hóró kan lórí iyán kì í padà wá. Òjé yẹn kò dára fún ara, pàápàá jù lọ fún àwọn ọmọdé, nítorí náà mo máa ń gé ibi tí ọta bá kọjá sọ nù, tèmi ló sì ń jẹ́ àdánù. Ẹ wá ọta tó yẹ ẹran, kí ẹ sì jẹ́ kí ó wọlé níwájú, má ṣe jẹ́ kí ó wọ ìtan.

Ọdẹ Ìjàyè

Ọ̀rọ̀ Ìyá yẹn ló yẹ kí ọmọ Ìbàrà gbé, torí ibẹ̀ ni owó rẹ̀ ń gbà lọ. Bí o kò bá lè ki ọta fúnra rẹ, o lè mọ ohun tí ìbọn rẹ ń ṣe sí ọta tí o rà, ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà sì ń fi gbogbo wàhálà wọn wá náà nìyẹn.

Ra ọta oríṣi méjì, má rà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ẹtu, tí kì í ju nǹkan bíi kílò mẹ́wàá lọ, o kò nílò hóró ńlá. Fún àgbọ̀nrín, hóró ńlá bíi SG, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ju mílímítà mẹ́jọ lọ, ni kí o lò, ṣùgbọ́n mọ̀ pé hóró bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ nínú ọta kan, nítorí náà bí ìbọn rẹ bá fọ́n wọn jù, ọ̀kan tàbí méjì péré ló máa kan ẹran. Láti mọ̀ ọ́n, lọ gbé páálí ńlá kan nàró síwájú òkìtì ilẹ̀ gíga, ní ilẹ̀ oko tí olóko gbà ọ́ láyè, níbi tí kò sí ọ̀nà tàbí ilé lẹ́yìn rẹ̀. Yìn ín láti ogún ìṣísẹ̀, lẹ́yìn náà láti ọgbọ̀n, kí o lo páálí tuntun ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Yìn ẹnu méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí nínú ọ̀pọ̀ ìbọn ẹlẹ́nu méjì, ẹnu ọ̀tún ṣí ju ti òsì lọ, òsì ló ń kó hóró jọ sọ́nà jíjìn. Fa ìlà yí àyà ẹran ká lórí páálí, kí o ka iye tó bọ́ sínú rẹ̀. Ìṣísẹ̀ tí hóró mẹ́rin tàbí márùn-ún kò bá ti wọ inú ìlà yẹn mọ́, ibẹ̀ ni ọ̀nà rẹ pin sí. Ẹran tó bá dúró kọjá ibẹ̀, jẹ́ kí ó máa lọ. Ọta díẹ̀ tí o bá ná síbi páálí yìí ló máa gbà ọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ tí ì bá ṣòfò sínú igbó.

Ní ti ìpamọ́, ojú ọjọ́ wa kò bá ọta ṣe rere. Ní àkókò òjò, ìdí idẹ rẹ̀ á máa yọ àwọ̀ ewé, èyí tí eèpo rẹ̀ jẹ́ páálí á wú, kò sì ní wọ ìbọn mọ́. Fi í sínú agolo tí ìderí rẹ̀ há, kí o tì í pa níbi tí ìbọn kò sí. Má gbé e sókè ààrò, má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà lóòrùn. Kí ọta 20 má sì dé inú àpò tí ọta 12 wà láé. Ọta 20, tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ọta 12 lọ, á yọ́ wọ inú ọ̀pá ìbọn 12, á há níwájú, ìbọn á dà bí èyí tí a kò ki, ẹni náà á wá fi ọta 12 tẹ̀ lé e. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ fi ń fi àwọ̀ ìyeyè ṣe eèpo ọta 20.

Bí o bá yìn ín tí kò dún, jẹ́ kí ẹnu ìbọn dojú kọ ibi tí kò sí ènìyàn, kà dé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kí o tó ṣí i, torí òmíràn máa ń pẹ́ kí ó tó gbiná. Bí ó bá sì dún lọ́nà tí kò lágbára, má yìn òmíràn. Tú ìbọn, kí o wo inú ọ̀pá rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ bóyá ìdì há sínú rẹ̀.

Ọmọ Ìbàrà

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti fagi lé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n nínú àpótí bàbá wa, mo tún bá páálí ọta àtijọ́ kan tí eèpo rẹ̀ jẹ́ ti páálí, ìdí wọn ti dípẹtà, àwọn kan sì ti wú. Ṣé kí n fi wọ́n dán páálí náà wò kí n má bàa ná tuntun? Ẹ̀gbọ́n mi sì tún ń béèrè ohun mìíràn tí òun lè fi ránṣẹ́.

Agbẹjọ́rò Òkè-Ìlewó

Ẹ má yìn wọ́n, ẹ má tú wọn, ẹ má sun wọ́n, ẹ má sì rì wọ́n mọ́ ilẹ̀ kí ọmọ ẹlòmíràn wá wú wọn jáde. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà, ẹ kọ́kọ́ pe ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè yín, kí ẹ ṣàlàyé, kí wọ́n sọ bí wọn yóò ṣe gbà wọ́n. Ẹ mú ìwé àṣẹ ìbọn yín lọ́wọ́.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Houston

Ẹ sọ fún un kó fi ọ̀pá ìnu ìbọn ránṣẹ́, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì idẹ tó jẹ́ ti 12 àti òróró ìbọn kékeré kan, bí ọkọ̀ òfuurufú bá gbà á. Kó yọ ẹ̀tù àti kápù kúrò lọ́kàn. Búrọ́ọ̀ṣì tó jẹ́ ti ráífù rẹ̀ kò ní kan ara irin nínú ìbọn yín rárá, nítorí náà kó wo nọ́ńbà rẹ̀ kó tó san owó.

Bàbá Ọdẹ

Ọmọ Ìbàrà, páálí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n dára fún ohun tí Ọdẹ Ìjàyè wí yẹn. Wá wọn nílé àwọn tó ń ta á ní Kútọ̀, kí o sì gbé ìbọn wá sọ́dọ̀ mi láìki í, ká jọ wò ó bóyá ìdè rẹ̀ ṣì dúró ṣinṣin kí o tó yìn ohunkóhun.